Eku tí ò kú ló dà mí láàmú jù

Gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ pé mo fi eku ṣiṣẹ́ lórí oògùn kòkòrò ní láàbù rí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: ṣé àwọn eku yẹn kú? Tí mo bá ti ní rárá, pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò kú, wọ́n á ní ah-ah, oògùn yẹn ò wá le tó bẹ́ẹ̀ nùun. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Chlorpyrifos ni wọ́n fún mi. Ẹbí oògùn kòkòrò tí wọ́n ń pè ní organophosphate ni, àwọn tí dichlorvos àti parathion náà wà níbẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta la pín àwọn eku funfun náà sí, àwọn kan ń mu epo àgbàdo lásán, àwọn kan ń mu epo tí oògùn díẹ̀ wà nínú ẹ̀, àwọn tó kù ń mu èyí tó pọ̀, ọjọ́ 28 gbáko. Láràárọ̀ ni màá gbé wọn sórí òṣùwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan torí ìwúwo ara ló máa sọ iye tí wọ́n máa mu, màá wá di awọ ẹ̀yìn ọrùn mú, màá rọra ti abẹ́rẹ́ olórí róbótó yẹn gba ẹnu lọ sínú ikùn. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ọwọ́ mi ò tíì mọ́ ọn, abẹ́rẹ́ yà sí ọ̀nà èémí ọ̀kan, ó jà pìtìpìtì, ó nà gbalaja. Mo ti fẹ́ kọ ọ́ síwèé pé oògùn ló pa á o! Ọ̀gá mi ló ní ká là á, a là á, epo kún inú ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀. Èmi ni mo pa á. Látìgbà yẹn tí mo bá ti kà á níbì kan pé eku márùn-ún kú, mo máa ń kọ́kọ́ ṣe kàyéfì pé ọwọ́ ta ló di síríńjì yẹn mú.

Àwọn tó ń mu púpọ̀ ò pẹ́ rárá kí wọ́n tó fi hàn. Itọ́ ń dà lẹ́nu wọn, wọ́n ń gbọ̀n, ìgbẹ́ wọn rọ̀, nǹkan pupa bí ẹ̀jẹ̀ sì gbẹ mọ́ ojú wọn, àyà mi já. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ o, nǹkan kan wà lẹ́yìn ẹyinjú eku tó máa ń sun omi pupa tí ara bá ń ni ín. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni pé iṣan tó bá fẹ́ rán iṣẹ́ síwájú máa ń da acetylcholine síta, tí iṣẹ́ bá ti dé, ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ acetylcholinesterase á gbá a kúrò nílẹ̀ kíá. Oògùn yìí ló máa so agbálẹ̀ yẹn lọ́wọ́. Iṣẹ́ á wá máa jẹ́ lọ láìdúró, itọ́ ò dá, ẹran ara ò sinmi, tó bá wá kan èyí tí wọ́n fi ń mí, ó parí nìyẹn. Chlorpyrifos fúnra ẹ̀ ò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ lágbára, ẹ̀dọ̀ eku ló ń yí i padà sí oxon tó burú, àfi bí ọlọ́dẹ tó ń bá olè pọ́n àdá. Ara ní ẹ́ńsáìmù tó ń fọ́ oxon náà o, ṣùgbọ́n tọmọ eku ò tíì tó nǹkan, ìdí nìyẹn tí ohun tí ìyá ẹ̀ máa mu mọ́ra fi lè ṣe é léṣe.

Láti 1927 tí onímọ̀ oògùn kan, J. W. Trevan, ti gbé LD50 jáde, ìyẹn ìwọ̀n tó máa pa ìdajì ẹran tí wọ́n bá fún, ikú ni gbogbo ayé ń kà. OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ṣe ìlànà àyẹ̀wò kẹ́míkà, pa ìlànà àyẹ̀wò àtijọ́ ẹ̀ rẹ́ ní 2002 torí ẹran tó ń bá a lọ ti pọ̀ jù. Nọ́ńbà yẹn ò sì sọ nǹkan kan fún wa nípa ìdajì tó kù. Adìẹ ńkọ́? Àwọn organophosphate kan wà tí adìẹ máa mu, tá a rò pé ó ti bọ́, á máa jẹun, ó di bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹsẹ̀ ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀, tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí. Adìẹ ni wọ́n fi ń yẹ ìyẹn wò, torí eku kì í sábà fi í hàn.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn tèmi tó ń gbọ̀n ti dákẹ́. Inú mi dùn, mo ní ara wọn ti ń yá. Ọ̀gá mi ní yíyá kọ́, àwọn ibi tó ń gba iṣẹ́ lára iṣan ló ti dín kù torí ariwo ti pọ̀ jù.

Lọ́jọ́ tá a parí, a yọ ọpọlọ wọn sórí yìnyín, a lọ̀ ọ́, a da kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní èlò Ellman sí i, ọgbọ́n 1961 tí wọ́n ṣì ń lò títí dòní. Tí ẹ́ńsáìmù bá ń ṣiṣẹ́, omi inú túúbù á yí sí yẹ́lò. Eku nọ́ńbà 14, lára àwọn tó ń mu díẹ̀, láti ọjọ́ kìíní dé ìkẹyìn ohun tí mo kọ síwájú orúkọ ẹ̀ ni “kò sí nǹkan”. Ó ń jẹun, ó sanra, ó tiẹ̀ gé mi jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé túúbù ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàwọn tó mu epo lásán. Tiwọn ti yí tán, ó mọ́ fòò. Tiẹ̀, mo dúró, mo dúró, ó kàn ṣe ràndànràndàn bí ìtọ̀ ẹni tó mu omi jù.