Ta ló ń gbin ìrókò?

Sátidé. Ẹgbẹ́ wa wọ igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Íbàdàn, láàárọ̀. Òjò pa wá, a ò sì gbúròó ẹyẹ tá a wá lọ, Malimbus ibadanensis.

Ọ̀rọ̀ ìyá kan nídìí nọ́sìrì igi ni kò kúrò lọ́kàn mi. Èmi kọ́ ló ń bá sọ ọ́. "Ta ló ń gbin ìrókò? Ṣebí ńṣe ló ń lalẹ̀ hù."

Òótọ́ ni. Àdán ló ń jẹ èso rẹ̀, tó ń fọ́n kóró rẹ̀ ká bó ṣe ń fò lọ. Ṣùgbọ́n akọ ìrókò lọ́tọ̀, abo lọ́tọ̀. Bí ayùn bá ti mú abo tán ládùúgbò, kí ni àdán fẹ́ jẹ?

Ó ń lalẹ̀ hù... Wọ́n ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kékeré yẹn gan-an ló ń kú mọ́ wa lọ́wọ́! Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Phytolyma á yé ẹyin sára ọ̀mùnú, ọmọ rẹ̀ á wọnú ewé tútù, ewé á wú, á di kókó bò ó. Bí kókó bá bẹ́, kòkòrò á jáde, ìjẹrà á gba ojú ọgbẹ́ wọlé, igi á máa kú láti orí wá sísàlẹ̀. Oògùn tá a fọ́n sára ewé kì í fi bẹ́ẹ̀ dé inú kókó. Kí ó tó bẹ́ ni ká ti gé e, ká sun ún. Ẹ má dà á sí ààtàn.

Gbígbin kóró rẹ̀ ò le. Èso tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já ni ká ṣà, ká rẹ ẹ́ mọ́jú, ká fọwọ́ fọ́ ọ, ká sẹ́ ẹ. Èyí tó léfòó, ká dà á nù. Abẹ́ òjìji ni ká ti sá a, ká tètè gbìn ín, torí kì í pẹ́ nílé kó tó bàjẹ́. Iyanrìn fẹ́ẹ́rẹ́ ni ká fi bò ó, ká ta imọ̀ ọ̀pẹ sókè rẹ̀. Omi àpọ̀jù á mú kí ìdí rẹ̀ rà. Lóko, ká gbìn ín láàárín afárá àti igi mìíràn. Bí ìrókò nìkan bá tò tẹ̀léra, kòkòrò á kàn máa ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì ni.

Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn bí mi nínú lọ́sàn-án. Ní báyìí, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Bóyá Olúwéré, iwin inú ìrókò, ló ń ba ìyá náà lẹ́rù. Tàbí ó ti rí i níbi tó ti ń lalẹ̀ hù lóòótọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé abo ìrókò kan ṣì wà nítòsí ibi tí ìyá yẹn ń gbé, mi ò sì bi í...