Tó bá ṣe é tì, ta ló máa jìyà ẹ̀?

Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 15, ìbéèrè ò sì tán lẹ́nu ẹ̀ mọ́: mọ́mì ṣé mo lè dá lọ Bódìjà, mọ́mì ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ témi, mọ́mì gbogbo kíláàsì wa ló ti ní fóònù. Màmá mi ní fi í sílẹ̀ kó dàgbà ná, dádì wọn ní ọkùnrin ni, jẹ́ kó máa ṣe é. Èmi ò fi ọjọ́ orí wò ó o. Ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé tọ́mọ yìí bá ṣe é tì, ta ló máa jìyà ẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú ti ọjà. Mo fún un lówó ata, owó ẹ̀wà kọ́ńgò kan àti owó ọkọ̀ mikírà, ó débẹ̀, ẹ̀wà ti gbówó lórí. Kò pè mí o. Ó ra ìdajì kọ́ńgò, ó ra rodo àti tàtàṣé, ó fi àlùbọ́sà sílẹ̀ torí ó rántí pé ó ṣì ku díẹ̀ nílé, ó wá ti owó ọkọ̀ tó máa gbé e padà bọ àpò míì lọ́tọ̀ kó má baà ná an. Ìyá aláta ti kó èyí tó ti jẹrà sí ìsàlẹ̀ fún un, àmọ́ kí n tó tú náílọ́ọ̀nù ló ti sọ fún mi fúnra ẹ̀. Èyí tó sọ yẹn dùn mọ́ mi ju ríṣọ́ọ̀tì ilé-ìwé ẹ̀ lọ! Ká tiẹ̀ ní ó sọ gbogbo owó yẹn nù, gàrí la máa mu sùn, kò sẹ́ni tó máa kú.

Àwọn kan á ní kí ni mò ń kánjú sí. Ọdún 16 ni wọ́n fi sí pé kọ́mọ wọ yunifásítì, hostel ló ń lọ yẹn, ta ló máa wà níbẹ̀ tó máa sọ fún un pé owó oṣù kan ò gbọdọ̀ tán lọ́sẹ̀ kan? Ilé ló ti yẹ kó náwó tì, níbi tí ìkòkò ọbẹ̀ ṣì wà.

Fóònù, mo ti fún un, ṣùgbọ́n pálọ̀ ni fóònù ọ̀hún ń sùn lálẹ́.

Ọkọ̀ lèmi àti dádì wọn ò tíì fẹnu kò lé lórí. Wọ́n ní kó máa wa mọ́tò káàkiri àdúgbò wa, mo ní rárá. Òfin ní kó pé 18 kó tó gba láísẹ́ńsì, ká tiẹ̀ gbé òfin tì, ọmọ ọlọ́mọ tó ń kiri ẹ̀pà lẹ́bàá títì ló máa jìyà tí tiwa bá ṣi ọkọ̀ wà, kò sì sí bí mo ṣe máa bẹ ìyá ìyẹn. Kó dúró.

Ní báyìí ó ní òun fẹ́ dá lọ sí Èkó lọ́dọ̀ àǹtí ẹ̀ fún họ́lídè, ìyẹn wá le fún mi, torí òun nìkan ló máa jìyà ẹ̀ àmọ́ ìyà ọ̀hún lè pọ̀. Mo ti gbà ṣá. Ọkọ̀ àárọ̀ ló máa wọ̀ ní Challenge, èmi fúnra mi ni máa mú un dé gáréèjì, àǹtí ẹ̀ á ti dúró dè é ní Berger, ó sì ti mọ nọ́ńbà àwa méjèèjì lórí, bí fóònù bá kú.