Màámi ò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wẹ̀ lónìí

Sátidé, Kubwa. Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ yìí, ẹsẹ̀ ò fẹ́ẹ̀ ṣe é gbé lé táìlì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí Màámi ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, ojoojúmọ́ ni mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á bomi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n á nàró díẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé ìbàdí ò dùn yín, wọ́n ní rárá o, ara tó ti ń bẹ̀rẹ̀ lóko láti kékeré, ṣé bọ́kẹ́ẹ̀tì ló máa wá ṣe é ní nǹkan. Àmọ́ mò ń gbọ́ èémí wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ṣáwà wà nínú balùwẹ̀ yẹn o. Láti oṣù kẹwàá la ti pa á tì, torí tí a bá ti ṣí i, apá ẹ̀ tó jáde lára ògiri á máa jò látẹ̀yìn, omi tí a ń fowó gidi rà lọ́wọ́ onítáńkà á gba inú ògiri lọ sí yàrá àwọn ọmọ, ọ̀dà ibẹ̀ ti ń ṣí bí èèpo ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi. Pọ́lọ́ńbà tí mo pè ní àfi ká fọ́ táìlì, ó gba owó ọkọ̀, mi ò rí i mọ́.

Èmi náà wá jókòó rò ó. Nígbà tí a ṣì ń lo ṣáwà yẹn, ògiri kì í tutù lóru, lẹ́yìn tí a bá wẹ̀ tán láàárọ̀ nìkan ni. Tó bá jẹ́ páìpù tó ń bọ̀ láti táǹkì ló bẹ́, tọ̀sán-tòru ni ì bá máa jò. Inú apá ṣáwà kì í sì lómi àfi téèyàn bá ṣí i, á jẹ́ pé ojú ibi tí apá yẹn ti wọnú ẹ́líbò, ìyẹn páìpù tó tẹ̀ bí ìgúnpá nínú ògiri, ni omi ti ń yọ́ jáde. Kí ni ti táìlì níbẹ̀?

Lánàá mo yà ní ọjà Dei-Dei níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan ìkọ́lé. Apá méjì ni wọ́n gbé fún mi, áàfù íǹṣì ni méjèèjì, wọ́n sì ń dán bákan náà, àmọ́ ọ̀kan jẹ́ bíráàsì, ìkejì jẹ́ ike, tí o bá ti gbé e lọ́wọ́ wàá mọ̀. Mo ra bíráàsì, mo ra tépù funfun tí wọ́n ń wé mọ́ eyín páìpù.

Mo ti fáàfù táǹkì, mo ṣí ẹ̀rọ kí omi tó kù lè dà nù, mo fi àkísà wé apá àtijọ́, mo fi sípánà gbá a mú, mo sì ń yí i sósì díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí torí tó bá kán, eyín ẹ̀ á há sínú ògiri. Kò kán. Ó jáde tòun ti tépù ara ẹ̀ tó ti dúdú, mo tú u, ẹ̀ẹ̀kan àti ààbọ̀ péré lẹni tó kọ́kọ́ ṣe é wé e. Ẹ̀ẹ̀kan àti ààbọ̀! Inú bí mi. Torí tépù tí kò ju ìka kan lọ ni ògiri àwọn ọmọ mi fi bàjẹ́ tí ìyá mi sì ń bẹ̀rẹ̀.

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ inú ẹ́líbò. Tépù yìí, kí o kọjú ẹnu páìpù sí ara ẹ, kí o máa wé e bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, kí o fà á kó le, èmi wé e lẹ́ẹ̀marùn-ún. Òdì ni mo kọ́kọ́ wé e, bí mo ṣe ń dè é ló ń ká bọ̀ lẹ́yìn, mo gé e dànù, mo tún òmíràn wé. Ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ fi dè é, kí n tó fi sípánà àti àkísà yí i díẹ̀ sí i títí ẹnu ẹ̀ fi kọjú sílẹ̀. Tó bá kọjá ibi tí o fẹ́, má dá a padà sẹ́yìn, yóò jò, tú u kí o wé tépù tuntun.

Ìdérí róbótó tó ń bo ihò ògiri, mo ti kọ́ ọ sára apá ṣùgbọ́n mi ò tíì tì í mọ́ ògiri. Mo ki tíṣù sábẹ́ ojú ibẹ̀, mo de orí ṣáwà, Dàmọ́lá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, a ṣí omi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo fa tíṣù náà jáde, mo fi kan ètè mi. Ó gbẹ.

"Màámi, ẹ lọ wẹ̀, ẹ má gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì o."

Wọ́n wò mí. "Àṣàkẹ́, ìwọ lo ṣe é?"

"Èmi ni, mà."

Mo lọ dúró sí yàrá àwọn ọmọ, mo gbọ́wọ́ lé ògiri. Mò ń gbọ́ omi, mò ń gbọ́ Màámi tí wọ́n rọra ń kọrin, wọ́n pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Lọ́la màá ha ọ̀dà yẹn kúrò.