Ohun tí mo rí kọ́ lára àjọ bọ́ọ̀lù Curaçao

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ àkóso bọ́ọ̀lù, ẹ̀yin tí wọ́n ní kí ẹ máa forúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé orí pápá lọkàn yín wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Ọ̀pọ̀ yín ò gbọ́ orúkọ Curaçao rí títí di November 2025. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fojú sí àjọ bọ́ọ̀lù wọn, torí pé irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni iṣẹ́ tó gbé wọn débi tí wọ́n dé: iṣẹ́ ìwé.

Erékùṣù kékeré kan ni, nínú òkun Kàríbíánì, kò jìnnà sí Venezuela, ó sì wà lábẹ́ ìjọba Netherlands. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ fi díẹ̀ lé ní 150,000. Ẹ ro iye èèyàn tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan péré nílùú Ìbàdàn wò. Síbẹ̀, ní November 18, 2025, wọ́n lọ sí Kingston, olú ìlú Jàmáíkà, wọ́n bá Jàmáíkà ta ọ̀mì 0-0, wọ́n sì di orílẹ̀-èdè tí èrò rẹ̀ kéré jù lọ tó tíì yege fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Iceland ló wà nípò yẹn láti 2018, àwọn yẹn sì lé ní 300,000.

Àwọn tó wo eré náà máa ń sọ pé orí ló kó wọn yọ. Lóòótọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni bọ́ọ̀lù Jàmáíkà gbá òpó. Rẹfirí tiẹ̀ ti fún Jàmáíkà ní pẹnárítì nígbà tí eré ti fẹ́ parí kí VAR, àwọn rẹfirí tó ń wo fídíò eré, tó ní kó gbà á padà. Dick Advocaat, kóòṣì wọn nígbà náà, kò sí níbẹ̀ pàápàá nítorí ọ̀rọ̀ ẹbí. N ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé Ọlọ́run bá wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n kí orí tó lè kó ẹnikẹ́ni yọ ní Kingston, ó di dandan kí orúkọ ẹni náà ti wà lórí ìwé, kí FIFA sì ti gbà pé ọmọ Curaçao ni.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àjọ náà fúnra rẹ̀. Federashon Futbòl Kòrsou lorúkọ tí wọ́n ń pè é ní Papiamentu, èdè erékùṣù wọn. Tẹ́lẹ̀, Netherlands Antilles ni wọ́n ń jẹ́, àwọn àti àwọn erékùṣù mìíràn. Ní October 10, 2010, wọ́n tú orílẹ̀-èdè yẹn ká. Àga rẹ̀ wà ní FIFA, ta ni yóò jókòó síbẹ̀? Ní 2011, FIFA gbà pé Curaçao ni àrólé, ìtàn àtijọ́ àti ipò náà sì di tiwọn. Bonaire àti Sint Maarten, tí wọ́n jọ wà nínú Netherlands Antilles tẹ́lẹ̀, wà nínú CONCACAF, àjọ bọ́ọ̀lù Àríwá àti Àárín Amẹ́ríkà pẹ̀lú Kàríbíánì, títí di òní, ṣùgbọ́n wọn kò sí nínú FIFA, nítorí náà wọn ò lè gbá bọ́ọ̀lù láti yege fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Àwọn ọmọ ibẹ̀ náà mọ bọ́ọ̀lù gbá. Òfin ló là wọ́n láàárín. Àbúrò mi tó bá ń fojú kéré òfin àjọ, tó ń sọ pé ìwé àwọn lọ́yà ni, kó lọ wo Bonaire. (Ọjọ́ tí ìtúká yẹn pé ọdún 15 gan-an ni Curaçao na Jàmáíkà 2-0 nílé, ní Willemstad, olú ìlú wọn. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí èyí.)

Ibi tí ẹ̀kọ́ pọ̀ sí jù nìyí. Pásípọ́ọ̀tì kan náà ni ọmọ Curaçao, ọmọ Aruba àti ọmọ Amsterdam ń lò. Kò sí ohunkóhun nínú pásípọ́ọ̀tì ọ̀hún tó máa sọ fún FIFA pé ti erékùṣù wo ni ẹni yìí. Òfin FIFA fún irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni pé kí wọ́n ti bí agbábọ́ọ̀lù náà sórí ilẹ̀ ibẹ̀, tàbí kí wọ́n ti bí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ síbẹ̀, tàbí òbí àgbà rẹ̀ kan. Bí kò bá sí èyíkéyìí, kó ti gbé ibẹ̀ fún ọdún 5. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó wọ aṣọ Curaçao, Netherlands ni wọ́n bí wọn sí. Ẹ wá wo ohun tí èyí ń béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé. Bó bá jẹ́ ti ìyá àgbà ló fẹ́ lò, ìwé ìbí mẹ́ta ló ní láti so pọ̀: ti màmá àgbà tí wọ́n bí sí Willemstad, ti ọmọ rẹ̀ tó dàgbà di ìyá, àti ti agbábọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀. Orúkọ màmá lórí ìwé kìíní gbọ́dọ̀ bá orúkọ tó wà lórí ìkejì mu. Bí màmá bá ti wọlé ọkọ tó sì ń jẹ́ orúkọ ọkọ, okùn já nìyẹn, àfi kí wọ́n wá ìwé ìgbéyàwó kún un.

Èyí ò ṣàjèjì sí wa. Ọmọkùnrin kan wá síwájú tábìlì mi: Ṣẹ́gun ni lórí ìwé ìbí, Olúṣẹ́gun ni lórí ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé, orúkọ bàbá ló sì ṣíwájú nínú pásípọ́ọ̀tì. Ọmọ kan ṣoṣo náà ni, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà rí i bí ẹni mẹ́ta. Ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ ti bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá ìwé ìbúra lọ sí kọ́ọ̀tù, kó tó di pé ẹgbẹ́ ìlú òkèèrè kan ń béèrè fún un.

Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe yìí gan-an ni Curaçao fi ṣèwà hù. Wọ́n lọ bá àwọn ọmọ wọn ní Rotterdam àti Amsterdam, wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì bá wọn wá ìwé. Àtúnṣe tí FIFA ṣe sí òfin ní 2020 ràn wọ́n lọ́wọ́, torí ó jẹ́ kó rọrùn díẹ̀ láti yí padà fún ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀ fún orílẹ̀-èdè mìíràn nígbà tó kéré. Àwa náà mọ adùn irú rẹ̀. Adémọ́lá Lookman tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tó bá Ẹ́ńgílándì gba ife ọmọ abẹ́ ogún ọdún ní 2017, òun náà ló di agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà tó peregedé jù ní 2024 nínú aṣọ Nàìjíríà.

Bí ìwé ṣe ń gbéni ga náà ló ń fa ni sílẹ̀. Ẹ rántí ìsọ̀rí tí Nàìjíríà wà nínú ìdíje láti yege fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2026. South Africa na Lesotho 2-0 ní March 2025. Teboho Mokoena wà lórí pápá lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ó ti gba yẹ́lò káàdì kan ní 2023 àti òmíràn ní 2024 nínú ìdíje náà, káàdì méjì yẹn sì ti ní kó jókòó, kò yẹ kó gbá eré yẹn. FIFA gba pọ́ìntì mẹ́ta lọ́wọ́ wọn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé Lesotho ló borí 3-0. Orílẹ̀-èdè ńlá, ọ́fíìsì ńlá, kò sì sẹ́ni tó ka káàdì. Lójú tèmi, ẹni tó ń ka káàdì yẹ ní ìjókòó nínú ọkọ̀ ẹgbẹ́ ju ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń kó lọ lọ.

Ohun kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn nípa Curaçao. Nínú àwọn tó mú wọn yege, Tahith Chong nìkan ni wọ́n bí sórí erékùṣù náà, òun náà sì kó lọ sí Netherlands ní kékeré, ó gba ẹgbẹ́ Feyenoord ní Rotterdam kọjá kó tó dé Manchester United. Mo gbà pé ọmọ wọn ni gbogbo wọn, mo sì bá wọn yọ̀ dọ́ba. Ṣùgbọ́n àjọ bọ́ọ̀lù ló ni líìgì abẹ́lé náà, òun ló ni ọmọdé tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí iyanrìn ní Willemstad lónìí. Kí ló yẹ kó wà nílé kí irú Chong mìíràn lè dàgbà síbẹ̀? Ṣé owó ni, ṣé pápá ni, àbí kóòṣì àwọn ọmọdé? Kí ẹ̀yin tí ẹ ń wá àkòrí iṣẹ́ àṣekágbá mú èyí. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi bí ẹ bá ti kọ orí kìíní, màá bá yín kà á.