Iṣu tí mo gbé lọ fún kóòṣì

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá mọ́ ní Sátidé."

Inú mọ́tò ni ọmọ mi ti sọ ọ́, láì wo ojú mi. Ọmọ ọdún 10. Èmi ni mo fi "ẹ" yẹn sí i kó lè dùn ún gbọ́ létí yín o. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì kò sì mọ̀ bóyá bàbá ẹni ni tàbí ẹgbẹ́ ẹni. Iṣu kan wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Bí mo bá ti ya kọ́nà, á yí lu ilẹ̀kùn, á tún yí padà. Àwa méjèèjì ń gbọ́ ọ, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣu ṣe dénú mọ́tò.

Leeds la wà, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ náà ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan ládùúgbò wa, àwọn tí kò tíì pé ọdún 11. Ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n ń gbá, ẹni tí wọ́n bá sì yọ lè tún wọlé, kí wọ́n tún yọ ọ́, kó tún wọlé, bí ìyàwó tó ń bínú lọ sílé bàbá rẹ̀. Eré ọmọdé ni. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò yé mi rárá. Sátidé àkọ́kọ́, ó gbá ìṣẹ́jú 10. Èkejì, 5. Ẹ̀kẹta, ó wọ jẹ́sì, ó so okùn bàtà, ó jókòó, wọ́n fọn fèrè ìparí, ó bọ́ jẹ́sì.

Bẹ́ńṣì tí wọ́n sì ń pè é yìí, bẹ́ńṣì kankan ò sí níbẹ̀. Orí àpò tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù sí ló jókòó lé. Ó fa apá aṣọ bo ìka nítorí òtútù. Ó ń fa koríko tu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sórí orúnkún bí ẹni fẹ́ di ìgbálẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ sinmi, òun ni wọ́n ní kó pín omi fún àwọn tó gbá. Ó pín in. Ó tún ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti gún mi.

Lálẹ́, mo ní kí n fi ìtàn tù ú nínú. Mo sọ fún un nípa Olúyẹmí Káyọ̀dé, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe pápá ìṣeré tó wà ní Adó-Èkìtì, pé òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn ló sáré fún Nàìjíríà ní Barcelona ní 1992, eré ọ̀pá tí ọ̀kan ń gbé fún èkejì, tí wọ́n sì gba fàdákà. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní, "Gbogbo wọn ló sáré?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó jókòó nìyẹn." Ó kọjú sí ògiri.

Nílé, ta ló ń fi ọmọ jókòó? Ní Ìkẹ́rẹ́, ìlú wa ní Èkìtì, lábẹ́ òkè Olósùnta, òkúta méjì ni gọ́ọ̀lù. Ẹni tó ni bọ́ọ̀lù fẹ̀lẹ́lẹ́ ni ọba. Bó ti wù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́ tó, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ àfi tí ìyá rẹ̀ bá pè é. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá, wọ́n á fi ṣe kípà. (Ọdún mélòó kan ni mo fi ṣe kípà. Ọmọ mi kò mọ̀, ẹ má sì sọ fún un.) Bí wọ́n bá gbá gọ́ọ̀lù méjì wọlé yín, ẹ jáde, sẹ́ẹ̀tì mìíràn wọlé. Bàbá mi ò dé pápá yẹn rí títí ó fi kú, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ilé wa gan-an ni.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan olùkọ́, iṣu ni wọ́n ń gbé lọ. Kì í ṣe rìbá. Iṣu ni. Ẹ ó gbé e lọ sílé rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ ó kí i, ẹ ó kí ìyàwó rẹ̀, ẹ ó béèrè àwọn ọmọ. Ìgbà tí ẹ bá ti ń dìde lọ ni ẹ ó tó wá sọ pé, "Ọmọ yín yẹn náà ńkọ́ o." Olùkọ́ á ti mọ̀.

Èmi náà bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa, mo ra iṣu kan. Iṣu Gánà ni. Ọmọ Èkìtì ń fi pọ́n-ùn ra iṣu Gánà. Ẹ má jẹ́ kó délé. Mo ní ṣebí kóòṣì ló ni iṣu, òun náà ló ni ọ̀bẹ, ẹni tó bá wù ú ló ń gé e fún. Kí n fi tèmi kún un.

Okùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá tí òbí kò gbọdọ̀ kọjá. Láti 2008 ni àjọ bọ́ọ̀lù wọn ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọ̀wọ̀ lórí pápá, nítorí àwọn òbí tó ń bú rẹfirí bí ẹni bú olè. Mo gbé ẹsẹ̀ kọjá okùn, iṣu lápá. Àwọn òbí ń wò. Mo kí kóòṣì, mo kí ìyàwó rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀, mo na iṣu sí i. Ó wo iṣu, ó wo èmi. Ó rọra ní òun dúpẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kì í gba ẹ̀bùn, kí n jọ̀ọ́ padà sẹ́yìn okùn.

Ká ní mo padà ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí mọ ohun tí mò ń wí: ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ lójú ọmọ, èyí tí a máa ń rò bí wọ́n bá fi ẹni tí a kọ́ níṣẹ́ jẹ ọ̀gá lé wa lórí. Mo sọ ọ́ sókè. Mo ní ṣé nítorí àwọ̀ wa ni. Bẹ́ẹ̀, ọmọ ará Sìmbábúè kan wà lórí pápá tí wọn kì í yọ rárá, mo sì ń wò ó bí mo ti ń sọ ọ́.

Ojú ọkùnrin náà pọ́n. Kò bú mi. Ó yọ fóònù, ó fi orúkọ àwọn ọmọ hàn mí: ìgbáradì Ọjọ́rú, agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ọmọ mi: kò wá, ó pẹ́, kò wá, kò wá. Ẹni tí kò bá wá ní Ọjọ́rú, kó má retí Sátidé. Ó ní òun ti kọ ọ́ sórí WhatsApp àwọn òbí. WhatsApp náà, mo ti pa á lẹ́nu mọ́ láti oṣù Kẹsàn-án nítorí ariwo.

Ọjọ́rú ni mo máa ń pẹ́ níbi iṣẹ́. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni, mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń bọ́ wọn. Agogo mẹ́jọ ni mò ń jáde. Ìyàwó mi, iṣẹ́ alẹ́.

Nínú mọ́tò, mo bi ọmọ pé ṣé ó mọ̀. Ó ní òun mọ̀. Ó pẹ́ tí kóòṣì ti bi òun ìdí tí òun kì í fi í wá, òun sì ní iṣẹ́ iléèwé ló pọ̀. Mo ní kí ló dé tó fi parọ́. Ó ní, "Kí wọ́n má baà sọ pé ẹ̀yin ni." Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀.

A délé, ó wọlé, èmi ò lè sọ̀kalẹ̀. Ní Ìkẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ mi ni mọ́tò mi. Bí bàbá mi bá wà lóko, àbúrò rẹ̀ wà. Bí àbúrò kò sí, ọmọ alájọgbélé á ní ká jọ lọ. Níbí, ọdún karùn-ún rèé tí a ti ń gbé ilé yìí, orúkọ ajá aládùúgbò mi ni mo mọ̀, mi ò mọ orúkọ ẹni tó ni ín. Mo yẹ fóònù mi wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, pé ta ni mo lè bẹ̀ kó bá mi gbé ọmọ lọ sí pápá ní Ọjọ́rú. Gbogbo ẹni tí mo mọ̀ ló ń wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí èmi náà bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Orí fóònù yẹn náà ni mo ti wo ìsìnkú bàbá mi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já kí pósí tó délẹ̀.

Mo ti pààrọ̀ Ọjọ́rú báyìí. Sọ́ńdè ni mo fi dípò. Pásítọ̀ ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì, ó rò pé mo ti fà sẹ́yìn nínú ìgbàgbọ́. Mo kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ gígùn sí kóòṣì, àtàǹpàkò kan ṣoṣo ló fi dá mi lóhùn.

Sátidé tó kọjá, ọmọ ní kí n má wá, mo wá. Ṣùgbọ́n mi ò sọ̀kalẹ̀. Mo jókòó sínú mọ́tò lẹ́bàá ọgbà, èémí mi ń bo gíláàsì, mò ń fi apá aṣọ nù ún. Ìṣẹ́jú 12 ló gbá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni bọ́ọ̀lù kàn án lẹ́sẹ̀, mo kà á. Ọ̀kan nínú rẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ ń figagbága ló gbá a fún.

Màámi pè láti ilé lálẹ́.

"Ọkọ mi ńkọ́?"

"Ó gbá bọ́ọ̀lù lónìí, Màámi. Ìṣẹ́jú méjìlá."

"Ṣé ó jẹun?"

"Ó jẹ iyán." Iṣu kóòṣì la fi ṣe é.

"Uyán kẹ̀? Ta ló gún un?"

Mo wo ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń fọ abọ́. "Ìyàwó yín ni, Màámi."

Ọmọ mi gbójú sókè nídìí abọ́ rẹ̀, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín.