Pákó Tuntun Lára Ọkọ̀ Àtijọ́

Ọdún kejì rèé tí mo ti ń bá wọn tún ọkọ̀ onígi kan ṣe, ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń kó èédú lórí odò àtọwọ́dá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́. Gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 70, ṣùgbọ́n fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 7 lọ, nítorí pé ìwọ̀n tí àwọn ilẹ̀kùn omi tóóró ibẹ̀ (ibi tí omi ti ń gbé ọkọ̀ sókè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀) lè gbà nìyẹn.

Igi oak ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, elm sì ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí pé elm kì í tètè jẹrà bí ó bá wà nínú omi nígbà gbogbo. Ibi tí omi àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé ni wàhálà wà. Ṣíbí ìjẹun lásán ni mo fi wa pákó kan tó ti jẹrà kúrò níbẹ̀.

Títẹ pákó ni mo fẹ́ràn jù. A máa ń ti pákó oak sínú àpótí gígùn tí ooru omi gbígbóná kún, fún nǹkan bíi wákàtí kan fún ìnṣì kọ̀ọ̀kan tí ó fi nípọn. Bí a bá ti fà á jáde, kò sí àyè àwàdà mọ́, nítorí pé ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni a ní láti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkọ̀ kí ó tó tutù. Lẹ́yìn náà ni a ó fi fọ́nrán okùn àti ọ̀dà gbígbóná dí àlàfo.

Bí a bá dá a padà sómi, yóò kọ́kọ́ máa jò títí pákó yóò fi mu omi tí yóò sì wú. Ẹ̀rọ tí ń fa omi ti wà ní sẹpẹ́.