Bóòtù kan tó gé mọ́ mi lọ́wọ́ nínú ẹ́ńjìnnì Sienna

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tú mánífóólù ọkọ̀, ìyẹn ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọnú ẹ́ńjìnnì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó gbé sípánà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì n'Íbàdàn, síbẹ̀ bóòtù kan ṣoṣo gba ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ mi, èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi fà á.

Sienna 2002 ni ọkọ̀ náà. Màmá tó ni ín máa ń gbé e lọ kó àdìrẹ ní Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta. Wọ́n ní bí àwọn ṣe kọjá Ọmí-Adíó ni iná ẹ́ńjìnnì tàn, tí ọkọ̀ ò sì wọ jíà kẹrin mọ́. "Ọmọ mi, ó ń han bí ìgbà tó ń gun òkè, bẹ́ẹ̀ ojú títẹ́jú la wà."

Mo so skáànà mọ́ ọn, ó gbé kóòdù àṣìṣe P0330 wá. Ẹni tó bá mọ ẹ́ńjìnnì 1MZ, V6 onílítà mẹ́ta tí Toyota gbé sínú Sienna ìgbà yẹn, ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ: nọ́ọ̀kì sẹ́ńsọ̀. Òun ló ń gbọ́ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ń kan gbà-gbà nínú. Bí kọ̀ǹpútà ò bá gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, á ti jíà kẹrin pa kí ẹ́ńjìnnì má baà jìyà. Kì í ṣe owó sẹ́ńsọ̀ ni wàhálà rẹ̀ o, ibi tí wọ́n fi í sí ni. Ìlà méjì tí ẹ́ńjìnnì náà pín sí bíi lẹ́tà V, àárín wọn gan-an ló wà, lábẹ́ mánífóólù tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí símú. Kò sọ́nà míì téèyàn lè gbà débẹ̀.

Apá òkè mánífóólù jáde. Mo bọ́ sórí apá ìsàlẹ̀, bóòtù tí sípánà 12 ń tú, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, títí mo fi kan èyí tó wà lẹ́bàá họ́òsì omi. Orí rẹ̀ ti dógùn-ún, ìdí rẹ̀ sì funfun bí ẹfun. Ohun funfun yẹn ló yẹ kó dá mi dúró. Omi kànga ni wọ́n ti ń dà sí rèdíétọ̀ ọkọ̀ náà dípò kúláǹtì, kílípù họ́òsì sì ti dẹ̀, omi wá ń kán sórí bóòtù yẹn díẹ̀díẹ̀. Irin ni bóòtù, alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, tó wọ̀. Bí omi bá wà láàárín àwọn méjèèjì, alumíníọ̀mù ni yóò máa jẹra. Ìyẹ̀fun funfun tó ń ti ara rẹ̀ jáde á wú, á sì fún bóòtù mọ́ra bí ẹni fi símẹ́ǹtì rọ́ ọ. Ìpáàrà pupa tí ojú rí lórí bóòtù ò tó nǹkan. Èyí tó dì í mú gan-an, inú ihò ló wà.

Ilẹ̀ ti ń ṣú, mo sì ti ṣèlérí fún Màmá pé wọ́n á gbé ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo fi páìpù bọ ìdí sípánà kó lè gùn, mo fà á. Ó dún kẹ́, ó yí. Inú mi dùn. Mo tún fà á, ó tún yí, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò dún. Ó kàn ń rọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, bí ìgbà téèyàn ń lọ́ wáyà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bóòtù tó ń tú máa ń dún. Á gan, á dún, á tún gan, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Bóòtù tó fẹ́ gé kì í dún. Orí rẹ̀ ń yí, ìdí rẹ̀ ò kúrò lójú kan, ọrùn rẹ̀ ló ń lọ́. Ọwọ́ mi mọ̀. Mo gbọ́ ọ lára sípánà pé ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ kọ́ nìyí, mo sì tún fà á. Ó gé.

Mo pe ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́.

"Ẹ káalẹ́ sà. Bóòtù mánífóólù kan ló gé sínú Sienna."

"O fi páìpù sí i, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Ó dáa. Báwo ni èyí tó ṣẹ́kù níta ṣe gùn tó?"

Lẹ́yìn tí mo gbé mánífóólù kúrò, ohun tó yọrí kò ju ìdajì èékánná àtàǹpàkò lọ. Mo sọ fún wọn pé mo ní easy-out, irin tí wọ́n máa ń gbá sínú ihò tí wọ́n bá gbẹ́ sí bóòtù tó gé. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án. "Ohun tí odindi orí bóòtù ò lè tú, ṣé irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa tú u? Bó bá gé síbẹ̀, irin tí dírílì ò lè jẹ lo sin sínú ihò yẹn. Tọ́ọ̀pù lo máa rà."

Ohun tí wọ́n ní kí n ṣe, òun ni mo ṣì ń ṣe dòní. Mo kọ́kọ́ fi àkísà mímọ́ di ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí atẹ́gùn ń gbà wọnú ẹ́ńjìnnì, mo sì ka àkísà náà. Ẹ máa kà á, torí èyí tẹ́ ẹ bá gbàgbé síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì á gbé e mì. Mo fín WD-40 sídìí bóòtù náà láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọjọ́ méjì. Bí mo bá ti fín in, mo máa ń fi òòlù kékeré kàn án tó-tó-tó, kì í ṣe pé mo ń lù ú. Bó ṣe ń mì yẹn ni ìyẹ̀fun inú rẹ̀ ń là, tí òróró ń rọ́nà wọlé.

Lọ́jọ́ kẹta mo pe wẹ́dà. A tú orí bátìrì, a yọ wáyà kọ̀ǹpútà, a dí ọ̀nà epo pa, a fi àpò tútù bo gbogbo agbègbè rẹ̀, ọmọṣẹ́ mi sì gbé ohun ìpaná dání. Ẹ má ṣe fojú kékeré wo èyí. Bẹntiróòlù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Wẹ́dà gbé nọ́ọ̀tì lé orí ìdajì bóòtù yẹn, ó sì jó o mọ́ ọn láti inú ihò nọ́ọ̀tì. Iná yẹn ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó fún wa ní orí tuntun tí sípánà lè dì mú, ooru rẹ̀ sì ń já ohun tó di bóòtù mú. A dúró kí pípọ́n rẹ̀ lọ, mo fi àbẹ́là kàn án lára, àbẹ́là náà yọ́, ó sì wọ ìdí rẹ̀ lọ. Mo gbé sípánà, láìsí páìpù. Mo kọ́kọ́ dè é síwájú díẹ̀. Ó dún. Mo tú u padà díẹ̀, mo tún dè é, mo tún tú u. Ó tó bí ogún ìṣẹ́jú tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó jáde, eyín rẹ̀ kún fún ìyẹ̀fun funfun.

Ní báyìí, bí mo bá ti rí funfun nídìí bóòtù, mo máa ń sọ fún oníọkọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé iṣẹ́ náà á pẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ojú mẹ́fà ni mò ń lò, torí olójú méjìlá máa ń họ orí bóòtù tó ti jẹra. Bí òróró nìkan ò bá ràn án, mo máa ń wá ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná, irú èyí tí àwọn tó ń lẹ tíńtẹ̀ẹ̀dì mọ́ gíláàsì ń lò, torí kò ní iná tó ń jó. Alumíníọ̀mù tó yí bóòtù ká ni kẹ́ ẹ gbé e kọjú sí, kì í ṣe bóòtù. Bí ooru bá fi 100 ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì lé sí i, alumíníọ̀mù tó gùn ní mítà kan á fi nǹkan bí mìlímítà 2.3 gùn sí i, irin á fi bí 1.2. Ihò ń fẹ̀ ju bóòtù inú rẹ̀ lọ nìyẹn.

Bó bá wá di dandan kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ, ẹ kọ́kọ́ fi pọ́ńṣì lu ojú àmì sáàárín gan-an, kẹ́ ẹ fi dírílì tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀. Fún bóòtù M8, ìyẹn èyí tí ara rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 8, ẹ má gbẹ́ ihò kọjá mìlímítà 6.8, kẹ́ ẹ má baà jẹ eyín tọ́ọ̀pù.

Bóòtù tuntun ni mo rà ní Gate, mi ò dá ìkankan nínú àwọn tó ti pọ́n padà síbẹ̀. Mo fi táàpù, irin tí wọ́n fi ń gé eyín sínú ihò, fọ eyín ihò, mo fi gírísì anti-seize díẹ̀ pa bóòtù lára. Gírísì yìí ń jẹ́ kí bóòtù yọ̀, torí náà bẹ́ ẹ bá fi gbogbo agbára tẹ́ ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ dè é, ẹ ó fa eyín alumíníọ̀mù já. Láti àárín ni mo ti ń dè é bọ̀ síta, díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Mo sọ bóòtù ṣe gé fún Màmá, mo sì sanwó wẹ́dà látàpò mi. Wọ́n ní kí ló fà á tí bóòtù fi gan tó bẹ́ẹ̀. Mo fi kílípù àtijọ́ náà hàn wọ́n, mo fi tuntun sí họ́òsì lójú wọn, mo tú omi kànga yẹn dànù, mo sì rọ kúláǹtì kún rèdíétọ̀.